Gbígbé Tírélà Oko Tí Ó Rẹlẹ̀ Sókè: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Àgbẹ̀ Mọ̀ Kí Ó Tó Pe Wẹ́dà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo ní agbègbè Ìwó,

Òjò ni ó ń bá wa wo iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ dàgbà. Òjò yìí kan náà ni ó sì ń ba ọ̀nà oko wa jẹ́. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ọdún, àyàfi ìwọ̀nba ọjọ́ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, táyà ọkọ̀ ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì wọlẹ̀, ilẹ̀ àárín sì ń ga bí ebè. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ga a máa gba orí ebè náà kọjá. Tírélà kékeré tí ó rẹlẹ̀ a gbé ikùn lé e, táyà rẹ̀ kò sì ní lè tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́.

Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀gẹ́ kò dà bí àgbàdo gbígbẹ tí ó lè dúró dè wá. Bí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti máa dúdú, ẹni tí ń ṣe gààrí kò sì ní fẹ́ san owó gidi lórí rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1907 ni ojú irin tí ó ti Ìbàdàn wá dé Òṣogbo, tí ó sì gba agbègbè wa yìí kọjá. Láti ayé ìgbà náà ni àwọn bàbá wa ti mọ̀ pé èrè oko kò sí nínú oko. Ìgbà tí ẹrù bá dé ibi tí a ó ti tà á ni èrè tó dé.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń béèrè lọ́wọ́ wa bí a ṣe lè gbé tírélà tí ó rẹlẹ̀ sókè. Tírélà tí a ń sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe ọkọ̀ ńlá ojú títì o. Kẹ̀kẹ́ ẹrù onítáyà méjì tí katakata tàbí píkọ́ọ̀pù ń fà ni. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, kò sì le púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe é láì kọ́kọ́ wọn nǹkan lè ná owó rẹ̀ sí orí ewu.

1. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ẸGBẸ́ KAN

Ẹgbẹ́ kan wà ní ọ̀nà oko kan tí kò jìnnà sí Ìwó, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ra tírélà tòkunbọ̀ kan ní Èkó. Owó rẹ̀ kò wọ́n, irin rẹ̀ sì dára lójú. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé tírélà tí a fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi ni. Irú tírélà bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó rẹlẹ̀ ni, kí awakọ̀ lè fi ẹ̀yìn rìn ín wọ inú omi díẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi sì léfòó kúrò lórí rẹ̀. Ojú títì tí ó tẹ́ bí ẹní ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ọ̀nà oko wa.

Nínú oṣù keje, tírélà náà gbé ikùn lé ebè àárín ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó lò níbẹ̀ kí wọ́n tó rí i yọ, ẹ̀gẹ́ náà sì bàjẹ́. Inú bí wọn, wọ́n pe wẹ́dà kan. Wẹ́dà náà gé igi líle, ó to ó léra wọn, ó sì fi í sáàárín sípíríǹgì àti irin tí ó so táyà méjèèjì pọ̀. Pẹpẹ tírélà náà ga sókè ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Èmi náà débẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Mo wò ó, mo rí i pé ó ga, mo sì kí wọn kú iṣẹ́. N kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, n kò sì béèrè ohun tí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, tírélà náà tún kan ebè ní ibì kan náà gan-an, nítorí irin ìsàlẹ̀ tí ń kan ilẹ̀ kò kúrò ní ibi tí ó wà. Bí awakọ̀ ti fà á tipátipá, táyà kan gun ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn igi náà yẹ̀ kúrò lórí ara wọn, tírélà sì dojú dé. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó sórí àpò ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ọlọ́run ni ó yọ ẹ̀mí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n kò tún ní kí ẹnikẹ́ni kú iṣẹ́ lórí tírélà tí n kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni kókó ìwé yìí: kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń kan ilẹ̀, kí a gbé e sókè ní ìwọ̀n tí ọ̀nà béèrè, láì fi kún un, kí a sì fi dídín ẹrù kù san gbèsè gíga tí a bá fi kún un.

2. Ẹ MỌ ARA TÍRÉLÀ YÍN

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ kí a fún ẹ̀yà ara tírélà ní orúkọ.

(a) Irin ìdábùú: èyí ni irin tí ó dábùú abẹ́ tírélà, tí táyà méjèèjì wà ní orí rẹ̀.

(b) Sípíríǹgì: àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra, tí ń tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹrù bá wúwo.

(d) Férémù: àwọn irin tí pẹpẹ ẹrù jókòó lé.

(e) Yú-bóòtù: bóòtù tí ó tẹ̀ bí lẹ́tà U, tí ó so sípíríǹgì mọ́ irin ìdábùú.

(ẹ) Ọ̀pá ìfà: irin gígùn iwájú tí a fi ń kọ́ tírélà mọ́ katakata.

Nísinsìnyí, ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Irin ìdábùú kò jókòó lórí sípíríǹgì. Táyà ni ó gbé e dúró. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá fi sáàárín irin ìdábùú àti férémù, ìbáà jẹ́ igi tàbí irin, férémù àti ẹrù nìkan ni ó ń gbé sókè. Irin ìdábùú yóò wà ní ibi tí ó wà. Bí ó bá jẹ́ pé irin ìdábùú ni ó ń kan ebè ọ̀nà, a ti sọ ẹrù di gíga lásán, a kò sì wo àrùn náà sàn.

Nínú tírélà ọkọ̀ ojú omi, ohun mìíràn tún wà. Púpọ̀ nínú wọn ní irin ìdábùú tí ó tẹ̀ wálẹ̀ láàárín: ọ̀gangan ibi tí táyà wà ga, àárín rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ bí ikùn agbọ́n. Sípíríǹgì wọn sì máa ń wà ní abẹ́ irin ìdábùú dípò orí rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ di kúkúrú. Ọ̀nà méjèèjì yìí náà ni a ó sì gbà gbé e sókè.

3. ẸGBẸ́ GBỌ́DỌ̀ WỌN NǸKAN MẸ́RIN

Ẹ mú okùn, ọ̀pá gbọọrọ tí kò wọ́, àti rúlà tàbí téèpù tí ó ní ínṣì.

Èkínní, gíga ebè ọ̀nà. Ẹ lọ sí ibi tí ó burú jù ní ọ̀nà oko yín lẹ́yìn òjò. Ẹ da okùn kọjá láti ìsàlẹ̀ ipa táyà kan sí èkejì, kí ẹ sì wọn bí ebè àárín ti ga tó ju okùn náà lọ. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Èkejì, àlàfo abẹ́ irin ìdábùú. Ẹ di ẹrù lé tírélà gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń dì í, kí táyà lè tẹ̀. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé abẹ́ ibi tí irin ìdábùú ti sọ̀ kalẹ̀ jù.

Ẹ̀kẹta, àlàfo abẹ́ férémù àti abẹ́ àwo irin tí yú-bóòtù dì mú. Èyí náà, pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí sípíríǹgì máa ń tẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìdí tírélà. Bí ìdí bá gùn jáde sẹ́yìn táyà, yóò máa wọ́ ilẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè jáde láti inú ipa omi. Ẹ na ọ̀pá láti ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ lọ sí abẹ́ ìdí tírélà. Bí ọ̀pá náà bá tẹ́ sílẹ̀ ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ etí ipa omi yín lọ, ìdí ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, gígé ìdí tí ó gùn jù kúrò sàn ju gbígbé gbogbo tírélà sókè lọ.

Àpẹẹrẹ rèé. Ká ní ebè ọ̀nà ga ní ínṣì 9. Táyà tírélà ga ní nǹkan bí ínṣì 23½, irú táyà ríìmù 13 kékeré. Pẹ̀lú ẹrù, àárín táyà wà ní nǹkan bí ínṣì 11 sí ilẹ̀. Irin ìdábùú sọ̀ kalẹ̀ ní ínṣì 4 láàárín, ó sì nípọn ní ínṣì 2, tí ó túmọ̀ sí pé ínṣì 1 nínú rẹ̀ tún wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 11, ó ku 7. Ẹ yọ 1, ó ku 6. Àlàfo ínṣì 6 kò lè gba orí ebè ínṣì 9 kọjá láéláé. Bí a bá fi ínṣì 2 kún un fún òkúta àti gbòǹgbò, àlàfo ínṣì 11 ni ẹgbẹ́ yìí nílò. Ínṣì 5 ni ó kù wọ́n kù. Wọn kò nílò ẹsẹ̀ bàtà kan.

4. ÀWỌN Ọ̀NÀ TÍ A LÈ GBÀ

(i) Ọkọ́ ni kí ó ṣáájú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ lè fi ọkọ́ gé orí ebè àárín ọ̀nà kúrò, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ipa táyà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta yangí. Bí ebè ínṣì 9 bá di 6, ìnáwó lórí tírélà yóò dín kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ ya ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú, kí òjò má baà tún ba iṣẹ́ yín jẹ́. Àwọn bàbá wa a máa ro ọ̀nà oko lọ́dọọdún kí wọ́n tó kórè. Àṣà náà kò tíì di àtijọ́.

(ii) Irin ìdábùú tí kò tẹ̀. Bí ti yín bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín, ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi èyí tí ó gún régé rọ́pò rẹ̀. Irin ìdábùú yóò gòkè ní ìwọ̀n tí ti àtijọ́ fi sọ̀ kalẹ̀, férémù yóò sì bá a gòkè. Nínú àpẹẹrẹ wa, àlàfo yóò kúrò ní 6, yóò di 10. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà gé irin ìdábùú àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ kí ó tún un jó pọ̀ ní gígún. Ibi tí a jó láàárín ni yóò ṣẹ́ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Kí èyí tí ẹ fẹ́ rà lágbára tó ti àtijọ́ ó kéré tán, kí ojú táyà méjèèjì sì jìnnà síra bákan náà.

(iii) Táyà tí ó ga jù. Ìdajì ohun tí táyà fi ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni tírélà yóò fi gòkè, nítorí ìdajì kejì wà lókè irin ìdábùú. Bí a bá kúrò lórí táyà ínṣì 23½ bọ́ sórí èyí tí ó ga tó ínṣì 25½, ínṣì 1 péré ni a jèrè. Ṣùgbọ́n ínṣì 1 yìí ṣe pàtàkì, nítorí irin ìdábùú pẹ̀lú yóò gbà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé ihò bóòtù ríìmù tuntun bá ti tírélà mu, pé táyà kò fara kan férémù bí sípíríǹgì bá tẹ̀, àti pé táyà méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Pẹ̀lú irin gígún àti táyà yìí, àlàfo ẹgbẹ́ wa ti di ínṣì 11 gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ti béèrè. Iṣẹ́ parí níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti fi ọkọ́ gé ebè náà di 6, wọn kì bá tilẹ̀ ti ra táyà rárá.

(iv) Gbígbé sípíríǹgì bọ́ sí orí irin ìdábùú. Bí sípíríǹgì bá wà ní abẹ́, a lè mú un bọ́ sókè. Férémù yóò gòkè ní ìwọ̀n ìnípọn irin ìdábùú àti ti sípíríǹgì lápapọ̀. Bí irin bá nípọn ní ínṣì 2, tí sípíríǹgì sì nípọn ní ínṣì 2, ínṣì 4 nìyẹn. Àwo yú-bóòtù tí ń fi ara họ ilẹ̀ yóò gòkè pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àárín irin ìdábùú kò ní kúrò lójú kan. Nítorí náà, ẹni tí férémù, ìdí, tàbí àwo yú-bóòtù rẹ̀ ń kan ilẹ̀ nìkan ni kí ó ṣe èyí.

(v) Òṣùwọ̀n irin. Bí sípíríǹgì bá wà ní orí irin ìdábùú, a lè fi òṣùwọ̀n irin kan ṣoṣo tí ó ní ojú tí ó dọ́gba sáàárín àwọn méjèèjì. Kí ó má ju ínṣì 2 lọ, kí ó ní ìṣó kékeré tí yóò wọ inú ihò àárín kí ó má baà yẹ̀. Ẹ má ṣe lo igi. Ẹ má ṣe to méjì léra. Ẹ rántí ọmọ tí ó ṣẹ́ ẹsẹ̀.

5. BÍ IṢẸ́ NÁÀ YÓÒ ṢE LỌ

Kí a tó gbé ohunkóhun sókè, ẹ fi òòlù kékeré kan férémù káàkiri. Tírélà tí ó ti wọ inú omi òkun rí a máa dípẹtà láti inú jáde wá. Ibi tí ó bá dún bí agolo, tàbí tí òòlù wọ̀ ọ́ lára, irin ibẹ̀ ti jẹ. Bí férémù bá ti jẹ púpọ̀, ẹ má ṣe náwó lé e. Gbígbé òkú ga kò sọ ọ́ di alààyè.

Ẹ gbé tírélà sórí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́. Ẹ fi òkúta há táyà. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé e tán, ẹ gbé férémù náà lé orí ìdúró irin tàbí ìtì igi gbọọrọ tí ó fẹ̀ dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ tírélà tí ó jẹ́ jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró, kódà kí ó jẹ́ láti mú nọ́ọ̀tì tí ó bọ́.

Kí ẹ tó tú irin ìdábùú, ẹ fi ẹfun tàbí ọ̀dà sàmì sí òkè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin ìdábùú tí ó dà bíi pé ó gún ni wọ́n ti tẹ̀ sókè díẹ̀ láàárín, kí ó lè gún nígbà tí ẹrù bá dé orí rẹ̀. Bí ẹ bá yí i dojú dé láìmọ̀, táyà yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì jẹ tán ní ìwọ̀nba ọjọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí sípíríǹgì bá ń bọ́ sókè, ìjókòó tuntun ni a ó jó mọ́ òkè irin ìdábùú. A kì í yí irin náà padà.

Kí wẹ́dà jó ìjókòó náà ní gígùn irin ìdábùú. Kí ó má ṣe fa iná dábùú abẹ́ irin náà, nítorí abẹ́ ni ó ń fà jù bí ẹrù bá wúwo, ibẹ̀ ni yóò sì ti là. Kí ìjókòó méjèèjì tẹ́ dọ́gba. Ẹ ra yú-bóòtù tuntun. Èyí tí a ti nà kí a tó tún un tẹ̀ kò ní agbára mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti ojú ìkọ́ ọ̀pá ìfà dé ìparí irin ìdábùú ní ọ̀tún, kí ẹ sì wọn ti òsì pẹ̀lú. Kí méjèèjì bá ara mu. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ, ẹ tú u kí ẹ tún un tò. Tírélà tí irin ìdábùú rẹ̀ wọ́ yóò máa rìn bí akàn lẹ́yìn ọkọ̀.

Tírélà tí ó ti wọ omi rí, ẹ tú bíárìn rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi gíríìsì tuntun sí i. Ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè lẹ́yìn ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tí ó bá tó máìlì 10, nítorí yú-bóòtù tuntun a máa dẹ̀.

6. Ọ̀PÁ ÌFÀ GBỌ́DỌ̀ BÁ A GÒKÈ TÀBÍ SỌ̀ KALẸ̀

Bí férémù bá ti gòkè ní ínṣì 5, ojú ìkọ́ iwájú náà ti gòkè ní ínṣì 5. Bí a bá fipá mú un wálẹ̀ kọ́ mọ́ katakata bẹ́ẹ̀, imú tírélà yóò dorí kodò, ẹrù yóò sì máa rọ́ síwájú. Bí imú bá sì wo òkè, ìwúwo yóò lọ sẹ́yìn, tírélà yóò sì máa jà sọ́tùn-ún sósì lójú títì. Nítorí náà, kí wẹ́dà sọ àwo ìkọ́ náà kalẹ̀ ní ínṣì 5, kí pẹpẹ tírélà lè tẹ́ bí tábìlì nígbà tí a bá kọ́ ọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo tírélà àti ẹrù rẹ̀ ni ó yẹ kí ó wà lórí ìkọ́.

Ìkìlọ̀ ńlá kan wà níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìkọ́ lọ sí ibi tí ó ga lẹ́yìn katakata nítorí pé tírélà ti ga. Ọ̀pá ìfà ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe mọ́ katakata fún iṣẹ́ náà ni ibi tí a ti ń fà. Bí a bá fà láti òkè, tí tírélà sì há, iwájú katakata lè dìde kí ó sì dojú bo awakọ̀ sẹ́yìn kí ó tó rí àyè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ti lọ báyìí káàkiri àgbáyé.

7. GBÈSÈ TÍ GÍGA Ń DÁ

Àgbà sọ pé kí a má gun igi kọjá ewé. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ náà.

Ká ní ojú táyà méjèèjì jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà 5, èyí tí í ṣe ínṣì 60. Ká ní àárín ìwúwo tírélà àti ẹrù wà ní ínṣì 40 sí ilẹ̀. Bí tírélà bá dúró jẹ́ẹ́, táyà kan lè ga ju èkejì lọ ní nǹkan bí ínṣì 36 kí ó tó dojú dé. Bí a bá gbé e sókè ní ínṣì 5, ó di ínṣì 33. Bí a bá gbé e sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan gẹ́gẹ́ bí ti ẹgbẹ́ ọ̀hún, ó di ínṣì 30. Ìwọ̀nyí, ti ìdúró jẹ́ẹ́ ni o. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí ó ń yà, tí sípíríǹgì sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tí yóò dojú rẹ̀ dé kéré sí èyí gidigidi.

Ṣùgbọ́n a lè san gbèsè náà. Bí a bá ń to àpò ní ìtò mẹ́ta, tí a sì dín in kù sí méjì, àárín ìwúwo yóò sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 5 sí 6. Ìyẹn ti dá ohun tí a fi kún un padà. Àpò tí ó wúwo jù ni kí ó wà nísàlẹ̀. Kí ẹ fi okùn dì í. Kí ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé, má ṣe jókòó lórí ẹrù.

Ohun kejì tí gíga kò lè ṣe ni pé kò fi agbára kún tírélà. Ní Yúróòpù, tírélà kékeré tí ìwúwo òun àti ẹrù rẹ̀ kò ju kílò 750 lọ ni òfin gbà láàyè láìní bíréékì, irú rẹ̀ ni ó sì pọ̀ nínú àwọn tí ń dé sí wa. Ẹ wá àwo irin kékeré tí a kọ ìwúwo sí lára férémù. Bí tírélà fúnra rẹ̀ bá wọn kílò 200, kílò 550 ni ó ṣẹ́ kù fún ẹrù. Bí àpò ẹ̀gẹ́ kan bá wọn kílò 70, àpò 7 jẹ́ kílò 490. Àpò 8 di kílò 560, ó ti kọjá. Àpò méje lẹ́ẹ̀mejì sàn ju mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan lọ.

8. KÍ TÍRÉLÀ TÓ BỌ́ SÍ OJÚ TÍTÌ

Ọ̀nà oko ni ó já sí títì, ìbáà ṣe ti Tẹlẹmu, ti Kúta tàbí ti Ilé-Ogbó, kí ẹrù tó dé ọjà Odò-Orí. Tírélà tí ó ti ga sókè, alùpùpù lè wọ abẹ́ ìdí rẹ̀ lóru, kí pẹpẹ rẹ̀ sì kan ẹni tí ń gùn ún ní àyà tàbí ní ọrùn. Nítorí náà, ẹ jó irin ìdábùú kan mọ́ ìdí rẹ̀, kí ó rẹlẹ̀ tó láti dá alùpùpù dúró, ṣùgbọ́n kí ó má rẹlẹ̀ tó láti tún wọ́ ilẹ̀. Ẹ fi iná pupa sí i, pẹ̀lú àmì pupa tí ń tàn padà bí iná ọkọ̀ bá kàn án. Èyí ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, yóò kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tiwọn ni a fi ń ṣe é.

Ní ìparí iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fa tírélà láìsí ẹrù gba ibi tí ó burú jù ní ọ̀nà yín, kí ẹnì kan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀ láti máa wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdajì ẹrù dán an wò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó di ẹrù tí ó pé.

9. Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN OLÓYÈ ẸGBẸ́

Bí ẹgbẹ́ kò bá tíì ra tírélà, ẹ má ṣe ra èyí tí ó rẹlẹ̀ nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ní ọjà. Ẹ fi owó irin ìdábùú, táyà àti wẹ́dà kún iye tí wọ́n pè é, kí ẹ tó sọ pé ó pọ̀.

Bí ẹ bá ti ra á, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwọ̀n mẹ́rin tí a sọ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ó sì ka á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí a tó yọ owó kankan. Kí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ ẹni tí yóò máa ka àpò tí ń gorí tírélà, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òfin, ìbáà ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ni ó ni ẹrù. Ẹ lè wá ìmọ̀ràn ní ọ́fíìsì OSSADEP ní Ìwó. Fún ẹ̀rọ tí ó bá ju agbára wẹ́dà àdúgbò lọ, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ìdófìàn, lẹ́bàá Ìlọrin.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ ìtàn wọn lẹ́ẹ̀kan tún tírélà wọn ṣe. Wọ́n kó àwọn igi náà dànù, wọ́n fi irin gígún rọ́pò irin tí ó tẹ̀, wọ́n sì ro ọ̀nà. Pẹpẹ rẹ̀ kò ga bí ti ọjọ́ tí mo kí wọn kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kọjá. Ọmọ tí ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ti ń rìn. Òun ni wọ́n sì fi ṣe ẹni tí ń ka àpò. Kò sí ẹni tí ó lè rọ̀ ọ́ kí ó fi ẹyọ kan kún un.